Dókítà tó bá ń ka abstract nìkan, ìyẹn àkópọ̀ ṣókí tó wà níwájú ìwé ìwádìí, kí ló fẹ́ fi tọ́jú wa?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Kò sígbà tí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà wa jáde tí mi ò ní kà á, ọ̀rọ̀ owó oṣù wọn ni o, ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ni o, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń japa lọ sí Ìlú Ọba àti Canada ni o, gbogbo ẹ̀ ló ṣe pàtàkì, mi ò ní kí ẹ má gbé e mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni gbé síta ní èdè wa, òun ni ti àwọn dókítà kéékèèké tó ṣẹ́kù sílé pẹ̀lú wa, àwọn tó ń ṣe house job, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn yunifásítì, àtàwọn tó ń ṣe residency láti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ọmọdé tàbí èyíkéyìí. Ṣé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìwádìí ìṣègùn? Mi ò bèèrè bóyá wọ́n mọ̀wé o. Wọ́n mọ̀wé, ọpọlọ wọn dẹ̀ pé. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé tí wọ́n bá gbé pépà kan lé wọn lọ́wọ́ tó ní òògùn báyìí ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n lè tú u wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ṣiṣẹ́, ara ta ni wọ́n ti dán an wò, kí gan-an ni wọ́n kà kí wọ́n tó ní ó ṣiṣẹ́, ta ló dẹ̀ sanwó ìwádìí náà?

Iṣẹ́ mi ló mú mi sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kì í ṣe dókítà, ìṣirò ni mo kọ́, statistics, ọjọ́ dẹ̀ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn dókítà tó ń ṣe residency ṣiṣẹ́ lórí dissertation wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Part II, ìdánwò tó kẹ́yìn nínú residency, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí tiẹ̀, kó kọ ọ́ síwèé, kó wá dúró níwájú àwọn examiner kó gbèjà ẹ̀. Nǹkan tó dáa gan-an nìyẹn. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á kó data wọn wá, "Anti, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi run ẹ̀ lórí SPSS, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ submit." SPSS ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò. Mà á ní kó jókòó, kí n ṣàlàyé ohun tí p-value yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wò ó bóyá èèṣì lásán lè mú irú èsì yẹn wá, ń sọ àti ohun tí kò sọ. Á ní, "Anti, ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ó significant." Mi ò bínú sí wọn, nítorí ẹni tó ti ń gba call láti àárọ̀ àná tí kò tíì fojú kan oorun, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Àmọ́ ọkàn mi kì í balẹ̀, torí ẹni yìí kan náà ló máa di consultant, ọ̀gá dókítà, lọ́dún mélòó kan sí i, òun ló máa sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé òògùn yìí la fi ń tọ́jú àìsàn yẹn, á dẹ̀ sọ pé evidence wà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Nàìjíríà nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2007, Donna Windish àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú JAMA, journal ìṣègùn ńlá kan, láti Connecticut ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn resident 277, láti ibi 11 tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní internal medicine, ní ìdánwò lórí irú ìṣirò tó máa ń wà nínú journal ìṣègùn. Ìdá 41.4 nínú 100 ni wọ́n gbà. Àwọn olùkọ́ àtàwọn tó ti jù wọ́n lọ, tí wọ́n ti kọ́ nípa iṣẹ́ ìwádìí, gba 71.5. Ìdá 75 nínú 100 àwọn resident yẹn dẹ̀ fẹnu ara wọn sọ pé kì í ṣe gbogbo ìṣirò tí àwọn ń rí nínú journal ló yé àwọn, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló gbà pé ó yẹ kó yé àwọn. Ìbéèrè p-value, èyí tí àwọn tèmi máa ń sáré bèèrè yẹn, ìdá 58.8 péré ló gbà á. Èyí tó dá lórí Kaplan-Meier, ìyẹn ìlà tó máa ń fi hàn bí àwọn aláìsàn ṣe ń yè tàbí tí wọ́n ń kú sí bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, tó jẹ́ pé inú ìwádìí jẹjẹrẹ ló pọ̀ sí jù, ìdá 10.5 ni. Ẹ wò ó ná, Amẹ́ríkà lèyí o, níbi tí iná kì í ti í lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ti í já.

Ẹ jẹ́ kí n fún ẹ̀yin òǹkàwé náà ní ìbéèrè kan, ẹ fi ọkàn dá a lóhùn. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ẹnì kan nínú 1000 ló ní in. Tẹ́ẹ̀sì kan wà fún un tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣe é fún 100 èèyàn tí kò ní àìsàn náà, á ṣì parọ́ mọ́ 5 nínú wọn pé wọ́n ní in. Ẹnì kan ṣe tẹ́ẹ̀sì yìí, ó jáde ní positive, ẹ ò dẹ̀ mọ nǹkan míì nípa ẹni náà. Kí ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lóòótọ́ ló ní àìsàn yẹn? Lọ́dún 1978, wọ́n bi èèyàn 60 ní ìbéèrè yìí láwọn ọsibítù tí Harvard ti ń kọ́ àwọn dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, dókítà kéékèèké wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn náà wà níbẹ̀. Ìdáhùn tó pọ̀ jù ni ìdá 95 nínú 100. Èèyàn 11 péré ló gbà á. Ẹ wá bá mi ṣe é: nínú 1000 èèyàn, ẹnì kan ló ní in, tẹ́ẹ̀sì máa mú un. Nínú 999 tó kù, ìdá 5 nínú 100 wọn jẹ́ bí èèyàn 50, tẹ́ẹ̀sì máa parọ́ mọ́ gbogbo wọn. Èèyàn 51 ló máa gba positive, ẹyọ ẹnì kan ló ní àìsàn nínú wọn, ìyẹn bí ìdá 2 nínú 100. Lọ́dún 2014 wọ́n tún bi èèyàn 61 ní irú ìbéèrè yìí ní Boston, 14 ló gbà á. Láti 1978 sí 2014 o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ ti lè di dókítà, kó di consultant, kó ṣì gbà á sódì.

Tí ẹ bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, ẹ rántí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rán lọ ṣe àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní in, wọn ò sí lára àwọn tó tètè ń kó o. Tí kit àkọ́kọ́ bá wá sọ pé positive, kì í ṣe ìgbà yẹn ni dókítà máa bojú jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tufọ̀. Ìdí gan-an nìyí tí ìlànà fi ní kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú kit míì kí wọ́n tó sọ ọ́ di òótọ́. Dókítà tí ìṣirò òkè yẹn bá yé, á mọ ohun tó máa sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó síwájú ẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Èyí tí kò bá yé, ó lè tú ìgbéyàwó ká lọ́sàn-án gangan.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé wà tí mo fẹ́ràn láti máa lò. Òògùn kan wà tó ń jẹ́ tranexamic acid, ó máa ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó lè dì. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní WOMAN, tó jáde nínú Lancet, journal ìṣègùn ńlá míì, lọ́dún 2017, dán an wò lára obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín wọn, apá kan gba òògùn, apá kejì gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Nínú àwọn tó gba òògùn, 155 ni ẹ̀jẹ̀ dídà pa. Nínú àwọn tí kò gbà á, 191. Ẹ wá wò ó, ẹnì kan lè ní òògùn yìí dín ikú ẹ̀jẹ̀ dídà kù ní ìdá 19 nínú 100, òótọ́ ni. Ẹlòmíì lè ní nínú 1000 obìnrin tí wọ́n bá fún, ó máa gba bíi 4 lọ́wọ́ ikú ẹ̀jẹ̀, òótọ́ náà ni, ìwádìí kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ni. Àmọ́ tí ẹ bá sọ ti àkọ́kọ́ fún resident, ojú ẹ̀ á là, tí ẹ bá sọ ti ẹ̀ẹ̀kejì, á ní "ṣé kò wá kéré báyìí?" Ẹni tó mọ ìwé ìwádìí kà gbọ́dọ̀ lè ti ibì kan bọ́ sí ìkejì láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ikú láti ọ̀nà gbogbo lápapọ̀, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ó tún gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà láàárín wákàtí 3 ló jèrè ẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ dídà pa 89 nínú wọn, 127 nínú àwọn tó gba òfìfo láàárín àkókò kan náà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí wákàtí ni ọ̀rọ̀ ìlú wa. Obìnrin tó bímọ sílé agbẹ̀bí lóru, tí wọ́n ṣì ń wá mọ́tò, tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀kùn yín nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kì í ṣe irú obìnrin tí òògùn yẹn ràn lọ́wọ́ jù nínú pépà, kí dókítà mọ èyí kó tó fi ọkàn balẹ̀ pé abẹ́rẹ́ ti wọlé. Òògùn tó dáa ni o, WHO fọwọ́ sí i, kò dẹ̀ wọ́n. Kíka ìwádìí dáadáa kì í ṣe kéèyàn máa wá àléébù ṣá, ó wà fún kéèyàn mọ bí nǹkan tó dáa ṣe dáa tó.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ SS, àwọn tó ní sickle cell. Kò sí àdúgbò kan nílẹ̀ wa tí ẹ ò ti ní rí ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru nítorí crisis, ìyẹn ìrora àìsàn náà. Ní November 2019, ilé iṣẹ́ FDA tó ń rí sí òògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òògùn tuntun kan fún sickle cell, voxelotor, Oxbryta ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Wọ́n sáré fọwọ́ sí i ni, lábẹ́ àdéhùn pé ilé iṣẹ́ náà á ṣe ìwádìí míì láti fi múlẹ̀ pé ó ń ṣe aláìsàn láǹfààní. Kí ni wọ́n fi fọwọ́ sí i? Ìwádìí kan lára èèyàn 274 tí wọ́n ń pè ní HOPE, tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń gòkè: ìdá 51 nínú 100 àwọn tó gba ìwọ̀n tó pọ̀ jù ni haemoglobin wọn, nọ́ńbà tí lab fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, fi ju ẹyọ 1 (g/dL) lọ sókè, nínú àwọn tó gba òògùn òfìfo, ìdá 7 péré. Ẹni tó bá ka abstract títí dé ibí, á patẹ́wọ́. Èmi náà ì bá patẹ́wọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bèèrè ohun tí ìyá ọmọ máa bèèrè. Ìyá ò gbé ọmọ wá nítorí haemoglobin, ìrora ló gbé e wá. Ṣé crisis ọmọ yìí dín kù? Nínú ìwádìí HOPE yẹn, iye crisis láàárín àwọn tó gba òògùn àtàwọn tí kò gbà á, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé. Ó wà nínú pépà yẹn o, wọn ò fi pamọ́, ẹni tó bá ka table dé ìsàlẹ̀ máa rí i. Nọ́ńbà inú lab ló yí padà, a ò dẹ̀ mọ̀ bóyá ayé aláìsàn yí padà. Ẹ wá fi wé hydroxyurea, òògùn àtijọ́ tó wà nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àgbàlagbà 299 ní Amẹ́ríkà àti Canada, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1995, ìrora gan-an ni wọ́n kà: àwọn tí kò gbà á ń rí crisis bí 4.5 lọ́dún, àwọn tó gbà á 2.5. Ìyẹn ló ń jẹ́ ìwádìí tó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí aláìsàn ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti voxelotor. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣèlérí yẹn bẹ̀rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà dẹ̀ wà nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ lára ọmọdé 236 tí wọ́n ń ṣọ́ kí stroke má mú, ní Nàìjíríà, Ghana, Kenya, Egypt àtàwọn ibòmíì. Lára àwọn tó ń gba òògùn, 8 kú, lára àwọn tó ń gba òfìfo, 2. Ní September 2024 Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ni ín, kó òògùn náà kúrò lọ́jà gbogbo ayé. Nọ́ńbà 8 sí 2 kéré, èmi tó jẹ́ oníṣirò ni màá kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kò tó láti fi dájọ́ pé òògùn ló pa wọ́n. Àmọ́ ọmọ ènìyàn ni nọ́ńbà yẹn, tí òògùn bá dẹ̀ wà tí kò tíì fi hàn pé ó ń dín ìrora kù, kí la fẹ́ fi gbèjà ẹ̀ nígbà tí irú nǹkan báyìí bá yọjú? Ohun tí mo fẹ́ kí resident tó wà ní SS clinic mọ̀ nìyí. Kó lè ka irú pépà yẹn lọ́jọ́ tó jáde, kó kúkú sọ lọ́jọ́ náà pé "haemoglobin lẹ kà, ẹ ẹ̀ ka crisis, ẹ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe," kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó dúró di ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ máa kó o kúrò.

Ohun tó bá ọgbọ́n orí mu náà lè pààyàn. Ẹ mọ̀ bí a ṣe fẹ́ràn omi drip tó nílẹ̀ wa. Ìwádìí FEAST, 2011, lára ọmọdé 3,141 ní Kenya, Uganda àti Tanzania, àwọn ọmọ tí ibà àti àkóràn ti mú wọlẹ̀: àwọn tí wọ́n sáré da omi sínú iṣan wọn ní wàràwàrà, bí ìdá 10.6 nínú 100 kú láàárín wákàtí 48, àwọn tí wọn ò sáré dà á fún, ìdá 7.3. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n sáré dà á.

Àwọn tó ń sọ pé "àwọn òyìnbó ti ṣàyẹ̀wò ẹ̀, ta ni èmi tí màá tún máa yẹ̀ ẹ́ wò" ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn yìí. Ní May 22, 2020, nígbà tí Kòrónà gbòde, Lancet gbé ìwádìí kan jáde pé hydroxychloroquine, òògùn tí wọ́n ń gbìyànjú fún Kòrónà nígbà yẹn, ń pa àwọn aláìsàn, pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 96,000 láti ọsibítù 671, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Surgisphere ló ní àwọn ní gbogbo data yẹn. WHO dá ìwádìí tiwọn lórí òògùn náà dúró nítorí ẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó lé ní 100 kọ lẹ́tà síta, wọ́n tọ́ka sí àwọn nǹkan tí kò bára mu, ọ̀kan nínú ẹ̀ dẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: data yẹn ń sọ pé nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 gbogbo àwọn tó ní Kòrónà ní Áfíríkà, àti ìdá 40 nínú 100 gbogbo àwọn tó kú, ọsibítù tó ń bá Surgisphere ṣe ni wọ́n wà, ọsibítù tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ gbogbo nǹkan tó ń ṣe aláìsàn sílẹ̀. Ọsibítù Áfíríkà wo nìyẹn? Ní June 4, wọ́n ti fa pépà náà yọ. Ẹ̀yin resident wa, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń fi bíró kọ vital signs sínú fáìlì, tí fáìlì dẹ̀ ń sọnù ní records? Ohun tí ẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ní wọ́ọ̀dù jẹ́ ìmọ̀ tí olóòtú Lancet ò ní. Ẹ lò ó.

Ó dẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí kí ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2021, pépà kan láti Egypt ń tan kiri pé ivermectin, ìyẹn òògùn Mectizan tí wọ́n máa ń pín láwọn abúlé wa, ń dín ikú Kòrónà kù lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ọmọ kan tó ń kọ́ ìṣègùn ní London, Jack Lawrence, ní kí òun kà á fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ òun. Ó rí i pé wọ́n da ọ̀rọ̀ inú introduction kọ láti ibòmíì, nígbà tó dé inú data, ó bá àwọn tí wọ́n kọ pé wọ́n ti kú kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ní July ọdún náà ni wọ́n yọ pépà yẹn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni o, kò ní lab, kò ní owó grant, ó kàn ka ìwé délẹ̀ ni.

Kí ló wá dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa? Mo ti jókòó sí journal club tó pọ̀, ìyẹn ìpàdé tí àwọn dókítà ti ń jọ ka ìwé ìwádìí, níbi tí mi ò ní dárúkọ, bó sì ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹni tó fẹ́ present ṣẹ̀ṣẹ̀ ti call dé, alẹ́ àná ló wá pépà, èyí tó rí lọ́fẹ̀ẹ́ ló mú, kì í ṣe èyí tó kan aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù. Ó da introduction sórí slide, ó da methods sí i, ó ń kà á lọ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Tó bá dé ibi statistics, á ní "data were analysed using SPSS," ó ti fò ó nìyẹn. Ọ̀gá á bèèrè ìbéèrè kan lórí anatomy tàbí lórí ìwọ̀n òògùn, ẹlòmíì á sọ ìtàn aláìsàn tí òun rí lọ́dún kan. Ẹni tó ń ta òògùn ti jókòó lẹ́yìn, òun ló gbé jollof àti mínírà wá, á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á fi àwòrán aláwọ̀ mèremère hàn tó ní "50% reduction," kò dẹ̀ ní sí ẹnì kan tó máa bi í pé láti mélòó sí mélòó? Láti 2 nínú 1000 sí 1 nínú 1000 náà ni 50%. Wọ́n á patẹ́wọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á túká.

Ìṣirò tí wọ́n kọ́ wọn ní yunifásítì, nígbà posting community medicine ni, fọ́múlà ni wọ́n há sórí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó ti tán. Kò sẹ́ni tó tún gbé e padà wá bá wọn ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, níbi tó ti wúlò. Journal tó dáa náà wọ́n, pépà kan ṣoṣo lè gba dọ́là tó pọ̀ ju ohun tí resident máa fi jẹun lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ Hinari tí WHO dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè ráyè kà wọ́n wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tí mo bá pàdé ni kò mọ̀ pé ó wà, tàbí pé library ni wọ́n ti máa gba password. Ẹ tún fi àìtó èèyàn kún un. Àwọn tó ń lọ ń lọ, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ni ẹnì kan ń ṣe, ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn báyìí, abstract náà ló máa kà, òun náà ni màá kà tó bá jẹ́ èmi.

Nítorí náà mi ò bá wọn wí, àwọn ọ̀gá ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá máa present, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú call alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí aláìsàn kan tó wà ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n wá pépà nítorí ẹ̀. Ẹ fo introduction, ẹ ṣí Table 1 àti Table 2, kí resident fẹnu ara ẹ̀ sọ pé nínú 1000 irú aláìsàn yìí, mélòó ló máa rí àǹfààní, mélòó ló máa rí ìpalára, ṣé ohun tó ń dun aláìsàn ni wọ́n kà àbí nọ́ńbà inú lab. Ẹ pe oníṣirò kan wá jókòó tì yín, a pọ̀ ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ wa máa wá láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó ń ta òògùn, ẹ jẹ́ kó wá lọ́jọ́ míì. Nígbà tí dókítà kan, Gordon Guyatt, gbé orúkọ evidence-based medicine, ìyẹn ìtọ́jú tó dúró lórí ẹ̀rí ìwádìí, jáde ní yunifásítì McMaster ní Canada, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, òun ló ń darí residency níbẹ̀, torí àwọn resident gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Mò ń bẹ National Postgraduate Medical College àti West African College náà, àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn resident wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò oníṣègùn ọpọlọ ní Ìlú Ọba, MRCPsych, ti ń rí ìbéèrè tó dá lórí kíka ìwádìí nínú ìdánwò wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa dẹ̀ ń ṣe ìdánwò yẹn tí wọ́n ń yege. Wọ́n ń kọ́ ọ nígbà tó bá di pé wọ́n fẹ́ lọ. Ẹ fún wọn ní pépà kan, ẹ fún wọn ní wákàtí kan, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú ẹ̀. Ohun tí ìdánwò bá bèèrè ni resident máa kọ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá dẹ̀ ti ń gbèjà dissertation, ẹ bi ẹni náà pé kí ló dé tó fi lo tẹ́ẹ̀sì yẹn, tó bá ní statistician ló ní kí òun lò ó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó máa dín owó tí mò ń rí kù, kò burú.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ ní ipa tiyín. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ìròyìn pé òògùn tàbí àgbo kan dín nǹkan kù ní ìdá 40 tàbí ìdá 60, ẹ kọ iye èèyàn tó wà nínú ìwádìí, ẹ kọ mélòó nínú mélòó, ẹ kọ ẹni tó sanwó ẹ̀. Ìlà méjì ni yóò gbà nínú ìwé ìròyìn. Tí ẹni tó ń kọ ìròyìn ìlera yín bá rí pépà kan tí kò yé e, kó fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní àdírẹ́sì mi lọ́wọ́, màá bá a kà á ní èdè Yorùbá lórí fóònù títí tó fi máa yé e, mi ò ní gba owó.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò ìṣègùn kan,
Ìbàdàn.